Ìdí Ife Fàdákà

Alágbàfọ̀ làwọn ará àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó wé ife fàdákà kékeré kan sínú táwẹ̀lì, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀, ó sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti wọ bàtà. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún kí ó tó dìde rárá.

"Màmá, ẹ jẹ́ n gbé e lọ fúnra mi," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, ó sì fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú.

"Ikùn rẹ á ti dé ìsọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà kí ìwọ fúnra rẹ tó dé. Jókòó jẹ́ẹ́."

Ife yìí nìkan ni bàbá ọmọ náà fi sílẹ̀. Bí Alágbàfọ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: ọkọ òun kú kí wọ́n tó bímọ, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀, kò fi fọ́tò sílẹ̀, àfi ife ìdílé rẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé kò sí ọkọ tó dára tó ọkọ Alágbàfọ̀, kì í jẹun, kì í dọ̀tí aṣọ. Ọmọ náà kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mọ àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ kí òun náà tó di ìyá ọmọ. Ẹnìkan ló sọ fún un níbi iṣẹ́ pé àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà máa ń lu òǹtẹ̀ sí ìdí iṣẹ́ wọn, pé ẹni tó bá mọ òǹtẹ̀ lè mọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ìdílé tó ṣe é fún.

"Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ, Màmá. Bí ẹ ò bá lè lọ, tí mo bá ti bímọ tán, màá lọ."

"Ṣebí mo ti ní mò ń lọ."

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òdìkejì odò. Ibẹ̀ ló ti ń fọ aṣọ ọsibítù nígbà kan, kò sì tíì padà débẹ̀ láti ìgbà tó ti pọn ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ àkọ́kọ́ da ojú ife náà dé, ó wò ó. Ara ife dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ń dán, ó tẹ́jú, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ó ní òun ò lè mọ ẹni tó ṣe é. Alágbàfọ̀ mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì wé ife rẹ̀ padà.

Obìnrin ló wà ní ìsọ̀ kejì. Àánú Alágbàfọ̀ ṣe é, ó gbé omi fún un.

"Òǹtẹ̀ ti lọ, Màmá. Ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Bàbá àgbà kan ṣì wà lẹ́yìn ìdíkọ̀ rélùwéè. Bí òun náà ò bá rí nǹkan kan, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè rí i mọ́ láyé."

Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ilé ló wù ú kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá náà, ó sì mọ irú ọmọ tó wà nílé.

Bàbá náà fi àtàǹpàkò pa ìdí ife náà títí.

"Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni. Eérú ni mo fi ń fọ̀ ọ́."

"Ara ife làwọn èèyàn ń fọ̀. Ìdí lẹ̀yin ń fọ̀ ní tiyín."

"Aṣọ ọsibítù ti ba ọwọ́ mi jẹ́, bàbá. Ibi tó bá ti bà ló ń bó."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú. Ó ní bí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ mọ́ fàdákà, kì í ṣe òkè nìkan ló ń jẹ, ó ń wọnú lọ. Ẹni tó bó òkè kò tíì kan gbòǹgbò, iná á sì máa pe òǹtẹ̀ náà jáde.

"Ẹ fi sílẹ̀, bàbá. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí tèmi."

"Kí ni mo wá ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

Ó fi ẹ̀mú gbé ife náà síná. Alágbàfọ̀ di àga mú. Nígbà tó yá, ẹyẹ kékeré kan yọ fírífírí ní ìdí ife. Bàbá náà tẹjú mọ́ ọn.

"Ọwọ́ mi rèé," ló wí. "Èmi ni mo ṣe é."

Ó rántí àwọn tó ṣe é fún dáadáa. Tọkọtaya kan tó ti wá ọmọ títí ni wọ́n ní kó ṣe ife sílẹ̀ de àkọ́bí wọn. Ọjọ́ tí ìyàwó bí gan-an ni ọkọ sáré wá gbé e, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n wé e, ọsibítù ló ń gbé e lọ.

"Nígbà tí mo tún máa rí i, ó ń rìn bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò fojú kan ọmọ náà rí. Téèyàn bá rí irú ojú bẹ́ẹ̀, kì í béèrè. Ọkọ ti kú. Ìyàwó ṣì wà, iwájú ìsọ̀ mi yìí ló ń gbà lọ ra búrẹ́dì." Ó gbójú sókè. "Báwo ló ṣe wá dọ́wọ́ ọkọ yín?"

Alágbàfọ̀ na ọwọ́ sí táwẹ̀lì rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ olè ló ti rà á. Ojú ń tì mí, bàbá."

"Ẹ fi í sílẹ̀, kí n fi han obìnrin náà."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi kọ́kọ́ rí i. Èmi àtòun la jọ máa gbé e wá."

Bàbá náà gbà. Bí ife náà ti ń tutù ni ẹyẹ náà ń parẹ́, nígbà tí wọ́n sì fi máa wé e tán, ìdí rẹ̀ ti tẹ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ibi tí mi ò dé. Òǹtẹ̀ ti lọ."

Ó dun ọmọ náà gan-an, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó sùn sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn bí òpó, tí àwọn aládùúgbò máa ń béèrè ibi tó ti rí i, ó sì gbé orí lé itan Alágbàfọ̀.

"A jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

"Èmi nìkan náà ni."

Alágbàfọ̀ ń fọwọ́ pa á lórí títí oorun fi gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sùn, tòun ti ife rẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ tí Alágbàfọ̀ gbé e jáde ní ọsibítù nínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, kò ké rárá títí wọ́n fi kọjá ẹnu géètì.