Àpótí Ajá Odell Pruitt

Etí Odell Pruitt mú ju ti ọdẹ yòówù lọ ní agbègbè Odò Tarpley, ní gúúsù Georgia, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kì í wọ̀ ọ́ létí. Agídí ni àrùn rẹ̀. Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, yóò ti fi ọ́ rẹ́rìn-ín kí o tó sọ ọ́ tán.

Ajá ni wọ́n fi ń dọdẹ ràkúùnù níbẹ̀, ẹranko onírù abilà tó máa ń sá gun igi. Ọdẹ kì í rí ajá rẹ̀ nínú igbó. Ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́. Nínú ìdíje, ẹni tó bá kọ́kọ́ dá ohùn ajá tirẹ̀ mọ̀, tó sì ké sí adájọ́, òun ló ni máàkì. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Odell fi gba ife ẹ̀yẹ. Ó lè jókòó sórí kùkùté kó ní, "Rufus ti dé etí odò. Ó ti rẹ Queenie." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò bá a.

Ní ọdún kẹrin, Lester Hobgood, bàbá ìyàwó rẹ̀, yá a ní abo ajá rẹ̀, Dinah. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi tọ́jú ìran ajá náà, Dinah nìkan ló sì ṣẹ́ kù. Verna, ìyàwó Odell, ló fi ìgò mílíìkì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìdíje yìí ni wọ́n fẹ́ kí Dinah bímọ.

Odell ní àpótí tí wọ́n ń tà lọ́jà kò yẹ ajá òun. Ó fi pákó àti páànù dídán kan tirẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ó fi rọ́bà yí etí ilẹ̀kùn ká kí òjò má baà wọlé. Ó ní kí ayàwòrán kọ orúkọ òun gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú ife mẹ́ta.

Bàbá Lester yí àpótí náà po.

"Ihò afẹ́fẹ́ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, Bàbá."

"Lórí sàlẹ́ńsà? Odell, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń lu ihò sí, lókè." Ó fi ìka kan igun iwájú. "Ibí yìí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, èéfín máa ń ká bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Inú àpótí ló máa wọ̀."

"Kí n wá lu ihò sójú orúkọ mi? Ajá mà ni, Bàbá, kì í ṣe gómìnà."

"Dinah mi ló ń wọ inú ẹ̀."

"Ẹ lọ jókòó jàre, kí ẹ máa jẹ ẹ̀pà bíbọ̀ yín."

Verna dá sí i. "Lu ihò náà, Odell. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

"Ẹ̀yin ará Hobgood! Ihò ẹnu yín nìkan ti tó."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọdẹ fúnra rẹ̀ ni kò gbọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó kó Rufus, Queenie àti Dinah sínú àpótí, Verna sì jókòó ti í. Ìrìn wákàtí méjì ni dé ibi ìdíje. Kò pẹ́ tí àwọn ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Wọ́n ń gbóòórùn igbó ni. Inú wọn dùn."

"Ìyẹn kọ́ ni ohùn ìdùnnú Dinah."

"Èmi lo fẹ́ kọ́ ní ohùn ajá?" Ó yí rédíò sókè.

Síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ èékánná tó ń ha pákó. Verna di apá rẹ̀ mú. "Dúró, Odell. Mo bẹ̀ ọ́, dúró."

"Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti ìwé orúkọ. Fi mí sílẹ̀."

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ọkọ̀ dákẹ́. Odell rẹ́rìn-ín. "O rí i? Wọ́n ti sùn."

Àwọn ọdẹ ń dín ẹja nígbà tí wọ́n dé. Bàbá Lester ti ṣáájú wọn débẹ̀. Odell fọn fèrè ọkọ̀. "Ẹ wá, ẹ̀yin tí ẹ ń fi àgọ́ adìyẹ gbé ajá! Ẹ wá wo ilé ajá!" Wọ́n pagbo yí i ká. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Èéfín tú jáde. Ajá kankan kò jáde.

Òkú Rufus wà lórí ti Queenie. Dinah wà ní igun iwájú, imú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ pákó. Èékánná ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti ṣí kúrò. Ó ti ha pákó náà títí ẹ̀jẹ̀ fi kún un, níbi tí bàbá fi ìka kàn gan-an.

Ẹnì kan fẹ́ ran Odell lọ́wọ́. Bàbá Lester dá a dúró. "Òun ló kó wọn wọlé. Òun ni yóò kó wọn jáde. Odell, bí o bá ti ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, máa pe orúkọ ẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Pè é."

Ó pe Rufus. Ó pe Queenie. Nígbà tó gbé Dinah, ó pe orúkọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́," ni bàbá wí.

Ó tún un pè.

"Mi ò gbọ́."

Ó ké e tòò, débi pé gbogbo ajá inú ọkọ̀ àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni Verna wọ̀ lọ, kò sì padà sílé Odell mọ́. Ẹgbẹ́ ọdẹ pa orúkọ Odell rẹ́ nínú ìwé wọn. Kò sí onílẹ̀ tó jẹ́ kó tẹ igbó òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó tà á ní ọmọ ajá. Ó lọ ra ọ̀kan ní Alabama níkọ̀kọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá Lester fi wọ ọgbà, tó tú okùn ọrùn rẹ̀ lójú Odell.

"Bàbá, mo rà á ni."

Bàbá kò wò ó. Ọmọ ajá náà tẹ̀ lé e, kò bojú wẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, bí ohùn ajá bá ti ń ti odò bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, Odell a wọlé, a ti fèrèsé, a fi ìka di etí. Ó ṣì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Bí ẹ̀mí bá wà lọ́wọ́ ẹni, kí á má fi ẹwà ṣáájú èémí rẹ̀. Kí á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wa. Bí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wa bá ń ké, kí á dúró wò ó. Kí á má sọ pé inú rẹ̀ ló dùn. Ẹni tó ń ké ṣì wà láàyè. Bó bá ti dákẹ́, a lè pe orúkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní dáhùn mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.