Bàbá Tó Fi Ìjókòó Rẹ̀ Sílẹ̀ Nínú Bàálù

Ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí òbí yín tàbí ọmọ yín máa ń wọ bàálù.

1.

Ọkùnrin kan wà ní Ring Road tó ń ta táìlì, Luke lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Tí oníbàárà ò bá rí ọkọ̀ kó ọjà, Luke á fi ọkọ̀ tirẹ̀ bá a gbé e délé. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ń lọ sí Àbújá nítorí ọjà. Kò wọ bàálù rí, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹnìkan ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Luke, má jókòó sẹ́yìn o. Ẹ̀yìn ló máa ń mì jù." Ẹ̀yìn pátápátá sì ni wọ́n fún un ní ìjókòó.

Bàbá Gbádérọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Bódìjà, wà nínú bàálù kan náà. Ọmọ rẹ̀ Adùnọlá ti bímọ ní Àbújá, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Bàbá máa ní. Ọjọ́ kejì ni ìsọmọlórúkọ, Bàbá ni wọ́n sì ń retí kó wá sọ ọmọ lórúkọ.

Àmọ́ Bàbá ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílé, ẹ̀kọ díẹ̀ ló mu, ni bàálù bá tún pẹ́ kó tó gbéra. Túnráyọ̀, àbúrò Adùnọlá, tó sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú ní Alákìá, bẹ àwọn òṣìṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi ò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó jẹun. Tí ṣúgà ara wọn bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n lè dákú."

Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀. Wọ́n wo nọ́ńbà ìjókòó Bàbá, iwájú ni. Wọ́n sọ fún ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù pé ẹni tó bá wà lórí ìjókòó yẹn, kó tètè fún un ní nǹkan dídùn.

2.

Nígbà tí Bàbá wọlé, Luke ló bá lórí ìjókòó rẹ̀, tó di bẹ́líìtì mọ́ ara rẹ̀ gbọin-gbọin.

"Ọ̀dọ́kùnrin, bí ẹni pé ìjókòó mi lo wà."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Wọ́n ní ẹ̀yìn máa ń mì jù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi lọ jókòó sí tèmi."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Tó bá fẹ́ já, ṣé iwájú á dá dúró lókè ni?"

Luke náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dìde. Àwọn èrò ti tò sẹ́yìn Bàbá. Ẹnìkan ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọjá, sà." Bàbá ò fẹ́ dí ọ̀nà, kò sì fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé báàgì rẹ̀ tí bísíkíìtì wà nínú rẹ̀ sí àyè ẹrù tó wà lókè orí Luke, ó ní òun á padà wá mú un tó bá yá. Ó lọ sẹ́yìn.

3.

Bí bàálù ṣe gòkè tán, ọmọbìnrin yẹn gbé omi èso àti búrẹ́dì wá bá Luke.

"Ẹ tètè jẹ èyí, sà. Ìjókòó yín gan-an lẹ wà, àbí?"

Ẹ̀yin ará mi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Luke wò ó pé tóun bá ní rárá, wọ́n á ní kóun lọ sẹ́yìn, gbogbo èèyàn á sì máa wo òun.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló sọ.

Ó rí i pé wọn ò tíì fún ẹlòmíràn. Ó rò pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣìkẹ́ àwọn tó wà níwájú nìyẹn. Ó jẹ ẹ́, ó mu ún, ara rẹ̀ wálẹ̀.

4.

Lẹ́yìn bàálù lọ́hùn-ún, orí Bàbá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wọn, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá sùn. Ẹ gbé tiwọn kalẹ̀."

Oorun kọ́. Nígbà tí wọ́n balẹ̀ sí Àbújá, wọ́n jí i, kò jí. Aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn. Ọmọbìnrin yẹn wo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà ní àpò rẹ̀, ló bá sáré padà síwájú.

"Sà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ìtọ̀ ṣúgà?"

Luke tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó dìde, ó wo ẹ̀yìn.

5.

Àwọn àna Bàbá ló sọ ọmọ náà lórúkọ lọ́jọ́ kejì, nítorí Bàbá ò tíì lajú ní ọsibítù. Luke lọ síbẹ̀. Adùnọlá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ọmọbìnrin yẹn bi yín léèrè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní tiyín ni?"

"Ojú ló tì mí, mà."

Adùnọlá ò bú u. Ó kàn yíjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Bàbá yè, a dúpẹ́. Àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ ti fara gbá a. Ó ti padà sí Bódìjà báyìí, Luke sì máa ń lọ kí i ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá á wò ó pẹ̀lú ẹ̀rín, á bi Túnráyọ̀ pé, "Ta nìyí?" Bó ṣe ń béèrè nìyẹn náà tí wọ́n bá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé iwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín. Tí ẹnìkan bá wà lórí ìjókòó yín, ẹ má bá a jà. Ẹ rọra fi tíkẹ́ẹ̀tì yín hàn án, tí kò bá dìde, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ sọ fún àwọn òbí yín náà pé kí wọ́n má fi àánú dìde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù sì ń bà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ jáde. Àmọ́ tí wọ́n bá bi yín bóyá ìjókòó yín ni, tí kì í ṣe tiyín, ẹ ní rárá. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan péré ni. Tó bá ṣeé ṣe, gbogbo táìlì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Luke ìbá fi gba ìṣẹ́jú yẹn padà.