Kọ́ọ̀sì Kan Tó Kù

Lára ògiri pálọ̀ Bàbá Àjàyí ní Ìbà, káàdìbọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀ tí Pẹ̀lúmi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kọ ètò ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì rẹ̀ sí. Ọdún mẹ́rin ló fi rúlà pín sí i. Kọ́ọ̀sì tó bá yege, bírò pupa ló fi ń fagi lé e. Ó ti fagi lé gbogbo wọn tán, ó ku ẹyọ kan: ẹntọmọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò.

Kò fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó ti ṣèdánwò tán kí wọ́n tó rí i pé kọ́ọ̀sì náà kò sí lára èyí tó forúkọ sílẹ̀ fún. Bàbá rẹ̀ ló sì bá a forúkọ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà kékeré ni wọ́n ní l'Ókokomáìkò, ibẹ̀ làwọn ọmọ yunifásítì ti ń ṣe ìforúkọsílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé ìkọ̀wé wọn, á bá tirẹ̀ lọ, á wá gba ìwé tó bá yá. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún un ni Bàbá Àjàyí máa ń kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, tọjọ́ taago. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọ, wọn kì í ṣe nǹkan kan láìkọ ọ́.

Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé kan ni wọ́n kí wọ́n tó mọ̀wé kà, nínú ìwé tí Pẹ̀lúmi ń lò ní praimárì kejì. Títí dòní, ìka wọn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìlà, ètè wọn á sì máa mì.

"Ìka mi ló fo ìlà kan," ni wọ́n wí lọ́dún náà. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi jẹun. Pẹ̀lúmi ló wá ń bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Dámiláre, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló dun Pẹ̀lúmi jù. Navy Town ni wọ́n ti bí i, iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi lòun náà ń ṣe, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Kàlàbá. Ó fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ dání.

"Mi ò ní kó má fẹ́ ẹ," ni Bàbá Àjàyí sọ fáwọn òbí rẹ̀. "Àmọ́ ọmọ mi ò ní jáde nílé mi láìní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Èmi tí mo ti fi òǹtẹ̀ àtàǹpàkò sin ayé, mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Gbogbo ará ilé ló ní bàbá gidi nìyẹn. Dámiláre dúró. Nígbà tó di ọdún kejì, ìyá rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ò ní lè dúró kọjá oṣù keje.

Lọ́tẹ̀ yìí, Yẹ́misí, ọ̀rẹ́ Pẹ̀lúmi, fún un nímọ̀ràn.

"Forúkọ sílẹ̀ fúnra ẹ lórí fóònù, kó o sì yí páswọ́ọ̀dù ẹ padà."

"Tí wọ́n bá wá mọ̀ ńkọ́? Pé mi ò fọkàn tán wọn mọ́? Ó máa pa wọ́n."

"Kòkòrò lásán ló fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ yìí o."

Ó forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí páswọ́ọ̀dù padà. Ó gbé fóònù lọ fún bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi ìka sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹn-tọ-mọ-lọ-jì. Ó ti wà ńbẹ̀." Wọ́n ṣàdúrà sí i.

Adédàmọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, ń dúró de ìwé tirẹ̀. Bàbá Àjàyí yíjú sí i. "O ti ṣe kọ́ọ̀sì kẹrin yìí lọ́dún tó kọjá. Ṣé o fẹ́ fi ṣe sààrà ni?"

"Bàbá, ojú yín mú ju ti àwọn olùkọ́ wa lọ."

Ọjọ́ Jímọ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ parí, bàbá rẹ̀ ra ẹja àrọ̀ ńlá bọ̀ wálé, wọ́n sì sè é fún un fúnra wọn. Pẹ̀lúmi gbájú mọ́ṣẹ́. Ó mú labalábá n'Íbà, ó lọ mú eṣinṣin nídìí àgbò l'Álàbá Rago, bàbá rẹ̀ sì bá a di ìgò mú. Ó ṣèdánwò, ó sì mọ̀ pé òun ṣe dáadáa.

Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó ń gboyè. Ọ̀mọ̀wé Ọládipúpọ̀, olùdámọ̀ràn wọn, tẹ kọ̀mpútà wò.

"Máàkì ẹ dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ kọ́ọ̀sì náà kúrò lórúkọ ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a ti ìforúkọsílẹ̀, ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ló ní páswọ́ọ̀dù ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

Ó mọ̀ pé bàbá òun ló máa wọlé lọ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, tí ìka wọn sì ṣèèṣì tẹ ibi tí kò yẹ. Kò lè fa ìyẹn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Dámiláre pè é. "Pẹ̀lúmi, màámi ti lọ tọrọ ìyàwó fún mi nílé ẹlòmíì. Má bínú."

Bàbá Àjàyí sunkún. Wọ́n ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jẹun, Bàbá mi," ni Pẹ̀lúmi ń wí lórí ìkúnlẹ̀. "Mi ò bá yín jà. Mò ń bẹ lọ́dọ̀ yín."

"A ó tún ètò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì fa abọ́ náà mọ́ra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣáájú wọn dé ṣọ́ọ̀bù, kó lè ya ojú ewé tirẹ̀ kúrò nínú ìwé ìkọ̀wé náà kí àṣìṣe má tún bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ mọ́.

Ìlà mẹ́ta ló bá lábẹ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá tí ẹyọ kan kò ṣì nínú wọn: "Ẹntọmọ́lọ́jì, mo yọ ọ́," tọjọ́ taago ti ọdún tó kọjá, "Ẹntọmọ́lọ́jì, mo yọ ọ́," ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àti "Ẹntọmọ́lọ́jì, mo yọ ọ́," tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ọjọ́ àti aago.