Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì

Onírin àlòkù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú ọkọ̀ eré-ìje náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọkọ̀ yìí ò ní ẹ́ńjìnnì!"

Fítà, ọkọ màmá náà, jókòó sórí àga ní ẹnu ọ̀nà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń tún ọkọ̀ ọ̀hún ṣe nínú ọgbà ilé wọn ní Ilo-Awela, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn, kí rọpárọsẹ̀ tó dé, tó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà wà. Òun nìkan ló mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Bàbá Dásọ́lá, kí lẹ wá ń tún ṣe látọjọ́ yìí?" Ó kọjú sí onírin. "Ẹ bá mi gbé e lọ jàre. Ibi tó gbà yẹn ni Bàbá Dásọ́lá á ti máa kọ́ ìrìn padà."

Ó wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ géètì. Onírin yí sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí ìdérí tó wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dán gbinrin. Ó wo Fítà lójú, ó wá rọra pa ìdérí náà dé, bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn.

"Ẹ rí nǹkan níbẹ̀ ni?" ni ìyàwó béèrè bó ṣe ń jáde bọ̀.

"Rárá o, màmá. Irin lásán ni."

Fítà ṣa gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ jọ, ó na ọwọ́ òsì sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Omijé lé ròrò sójú ìyàwó rẹ̀. "Háà, ẹ fẹ́ dágbére fún un."

Ó di ọwọ́ náà mú, ó sì ń bá a juwọ́ sí ọkọ̀ náà títí wọ́n fi gbé e jáde ní géètì.