Ohun Tí Mo-Ti-Mọ̀ Fi Ojú Àna Rẹ̀ Rà

Ìgbéraga ló ba télọ̀ yìí jẹ́. Ó mọ aṣọ rán, n kò ní bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kí o tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tán fún un, á ti ní, "Mo ti mọ̀." Ni wọ́n bá kúkú sọ ọ́ ní Mo-Ti-Mọ̀. Lójú tirẹ̀, tálákà ló ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ ń ṣókùnkùn lọ. Ìlú mìíràn ni dókítà tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn wà, nítorí náà Mo-Ti-Mọ̀ fẹ́ háyà ọkọ̀. Owó iṣẹ́ abẹ wà nílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ìyà ṣà á jọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ìyàwó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ háyà ti wà nínú káàdì àwìn tí báǹkì fún yín. Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní gbogbo ara ọkọ̀ ló bò, àmọ́ tí ẹ bá lọ gba ti ilé ọkọ̀ tí ẹ ti fẹ́ háyà, tàwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn."

"Mo ti mọ̀," ló wí, ó ń wá bàtà.

Kí ló mọ̀? Òpònú. Nígbà tó dé ìdí káńtà, ọmọbìnrin tó ń háyà ọkọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé káàdì yín ò ní ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ ni?"

"Ṣé mo jọ ẹni tí ò lówó lọ́wọ́ ni? Fún mi ní tiyín."

"Gíláàsì àti òrùlé ò sí nínú tiwa o, sà."

"Mo ti mọ̀."

Báyìí ló ṣe sanwó lẹ́ẹ̀kejì, nítorí báǹkì ti ń yọ ti àkọ́kọ́ lọ́dọọdún lórí káàdì náà.

Bí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, pákó já bọ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú wọn. Ó fọ́ gíláàsì, ó tẹ òrùlé wọlé, akẹ́rù ò sì dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ilé ọkọ̀ ní àwọn ti wí tẹ́lẹ̀. Báǹkì náà ní àwọn ti wí tẹ́lẹ̀. Ìyàwó sunkún títí, ó sì ka owó ojú ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ọkọ̀, kí wọ́n má bàa fi ọlọ́pàá mú bàbá ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n tó rí òmíràn kó jọ, ojú ìyá ti fọ́. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù.

Ilé Mo-Ti-Mọ̀ ni ìyá ń gbé báyìí. Òun ló ń fà wọ́n lọ́wọ́ jáde síta láràárọ̀. Ìyá kì í bú u. Tí wọ́n bá dé orí àtẹ̀gùn, ìyá á kàn dúró, wọ́n á ní, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé a ti dé àtẹ̀gùn?"

"A ti débẹ̀, Mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Lọ bi ìyàwó rẹ wò."

Wọ́n á sì fara ti ògiri títí yóò fi lọ bi í nílé ìdáná, tí yóò sì padà wá jíṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kí ẹ tó san owó ìnṣọ́ránsì kankan, ẹ bi báǹkì yín ohun tó ti wà nínú káàdì yín, ohun tí kò sí níbẹ̀, àti ohun tó lè bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹnìkan nílé bá sì ti bá yín béèrè, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ gbọ́ ọ tán. Owó tí ẹ bá fi ṣe fáàrí lè jẹ́ ojú ẹlòmíràn.