Ìdìmú Apá Òsì

Káfíńtà ń kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri ilé ìyá Adéjọkẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ìránṣẹ́ mú ìròyìn dé láti Ọ̀yọ́ pé Adéjọkẹ́, tó gbé iṣẹ́ náà fún un, ti kú.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá gbójú sókè.

“Káfíńtà, o ṣàṣìṣe. Apá òsì lo kan ìdìmú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sí.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Adéjọkẹ́ ló ní kí n kàn án síbẹ̀. Ó ní ó yẹ kí ọlọ́wọ́ òsì lè ṣí nǹkan kan nílé yìí láìjẹgba.”

Ìyá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń na ọmọ rẹ̀ nígbà èwe.

“Ṣé kí n yí i padà?”

“Má fọwọ́ kàn án.”

Ó mú ife páànù ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì tirẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn náà, ó sì gbé ife náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.