Àpò Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹrà

Ẹ bá mi kí Alága Pius, olórí ẹgbẹ́ àwa awakọ̀ ojú omi l'Úgbónlá. Ọlọ́gbọ́n ni.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Tísà Ọmọ́ṣọlá gbé àpò kan wá bá a, pé kó fi pín ìrẹsì Kérésì fún wa.

Èèpo ẹ̀gẹ́ táwọn onípupuru dà nù ni tísà sè pọ̀ mọ́ ìko tó fi ṣe é.

Ó rọ ẹja tútù kún un lójú wa. Kò ya.

"Tó bá bọ́ sómi, kò ní pẹ́ jẹrà, sà."

Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Àpò tó máa jẹrà ni kí n fi pín ìrẹsì Kérésì? Èyí tí ọmọ-ọmọ yín máa bá láyé lèmi ń fẹ́!"

A pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣé kí á má pàtẹ́wọ́ ni?

Ó pín ìrẹsì nínú náílọ́ọ̀nù gidi. A jẹ ẹ́ tán, a ju náílọ́ọ̀nù gba ojú fèrèsé sómi, bá a ṣe máa ń ṣe.

Lónìí, Promise ọmọ alága ń rọbí. Èmi ni mò ń fi ọkọ̀ gbé òun àti bàbá ẹ̀ lọ sọ́sibítù n'Ígbókòdá.

Láàárín omi, ẹ́ńjìnnì kú. Náílọ́ọ̀nù ti wé mọ́ ọn nídìí.

Promise ń ké. Alága ń ṣẹ́ èpè.

"Ẹranko wo ló da náílọ́ọ̀nù sómi? Kò ní dáa fún un!"

Mo fọ̀bẹ gé e kúrò, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi. Ó ṣì ń dán.

Fọ́tò alága ló wà lára ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo nà án sí i.

"Alága, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń ṣẹ́ èpè fún rèé."